Iṣẹ́ Àna Tí Mo Fi Ọ̀dà Kùn

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má káàánú mi. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ara mi ló ń rí mi lára. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó bá ti fẹ́ gba ọ̀nà tí mo gbà kà á, kó yà kúrò níbẹ̀ kó tó pẹ́ jù.

Tóbilọ́ba ni wọ́n ń pè mí. Iléèwé girama kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀rọ. Mo lè ya inú ẹ́ńjìnì sára pátákó láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n kí n fi ọwọ́ ara mi tú nǹkan kan lára ọkọ̀, láyé mi, n kò ṣe é rí. Ọ̀kadà tí mo ń gùn gan-an, ẹlòmíràn ní í bá mi pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀.

Àrínọlá ni mo fẹ́ fẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ ní kánsù ní Ìsẹ̀-Èkìtì, ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ló sì ń gbé. Ìdílé ti mọ ìdílé, a ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó, ó ku oṣù mẹ́ta. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìntì, Tíṣà Àgbà ni gbogbo Ìsẹ̀ ń pè wọ́n. Wọ́n fẹ́ràn mi bí ọmọ tí wọ́n bí.

Lọ́jọ́ kan tí a jẹun tán, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣeré.

"Láyé tiwa, tí ọkùnrin bá fẹ́ ọmọ ẹni, á wá kọ ebè uṣu sóko bàbá ùyàwó. Uṣẹ́ àna nìyẹn. Ùwọ ńkọ́, Tíṣà kékeré? Kí lo máa ṣe fún mi?"

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, kí n sì mu omi. Ẹnu mi kò gbà.

"Bàbá, ẹ ò dá oko uṣu mọ́, àmọ́ ẹ ní ọkọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń ké nígbà tí ẹ wọlé. Ṣọ́ọ̀kì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó yẹ kó máa gba fífò rẹ̀, ló ti kú. Èmi ni màá pààrọ̀ wọn fún yín, níwájú ilé yín níbí, ẹ ò sì ní san kọ́bọ̀."

Màmá Àrínọlá pàtẹ́wọ́. Bàbá ní, "Jẹ́jẹ́ ní í tọ́jú ọkọ̀ yẹn láti ọdún méjìlá."

Jẹ́jẹ́ ni mẹkáníìkì wọn. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ torí pé kì í kánjú. Mo yínmú.

"Àwọn mẹkáníìkì yìí, Bàbá? Wọ́n ń ṣe é ni, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ìwé la fi ń mọ ẹ̀rọ."

Báyìí ni mo ṣe fi ẹnu ara mi kó ara mi sínú ẹ̀wọ̀n. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, Dayọ̀, ọmọ wọn àgbà tó wà ní Èkó, ti fi ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rin ránṣẹ́ nínú páálí.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò wá mẹkáníìkì kó bá mi ṣe é. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa kò ní bi mí. A kì í háyà ènìyàn síṣẹ́ àna. Òógùn ojú ọkọ ìyàwó ni àwọn àna fẹ́ rí, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Tí mo bá mú mẹkáníìkì wọ àgbàlá yẹn, àdúgbò á ní ọmọ Tíṣà Àgbà fẹ́ fẹ́ ọ̀lẹ. Tí mo bá sì ní n kò mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn tí mo yínmú sí á rí mi fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo wo fídíò lórí fóònù fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo wò ó títí mo fi gbà pé mo ti mọ̀ ọ́n.

Ní Sátidé, mo gun ọ̀kadà dé Ìsẹ̀ láàárọ̀. Mo ti yá jáàkì àti sípánà dání. Bàbá gbé àga síta láti máa wò mí. Àwọn aládùúgbò méjì náà dúró.

Àwọn méjì ti ẹ̀yìn kò ni mí lára. Nínú irú ọkọ̀ yẹn, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn dá dúró ni, kò gbé sípíríǹgì. Mo tú nọ́ọ̀tì, mo yọ ti àtijọ́, mo fi tuntun sí i. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, mo ti ṣe méjèèjì. Orí mi wú. Mo tilẹ̀ ń ṣàlàyé fún àwọn tó ń wòran.

Mo wá dé iwájú.

Ti iwájú, ẹ̀yin ará, inú sípíríǹgì ńlá ni ṣọ́ọ̀kì náà wà. Wọ́n ti fún sípíríǹgì ọ̀hún pọ̀, nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lókè ló dè é mọ́lẹ̀. Bí ènìyàn bá tú nọ́ọ̀tì yẹn láìkọ́kọ́ fún un, sípíríǹgì lè ta jáde kó fọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni. Nínú fídíò, irin kan wà tí wọ́n fi ń fún un. Èmi kò ní i. Mo ti ní màá dá ọgbọ́n sí i tí mo bá débẹ̀.

Bàbá rí i pé mo dúró. "Jẹ́jẹ́ ní urin tí wọ́n fi ń fún un. Ṣé kí n ránṣẹ́ sí i kó yá ọ?"

"Ẹ má ṣe ìyọnu, Bàbá. Ọ̀nà mìíràn wà."

Kò sí ọ̀nà mìíràn. Bàbá ní àwọn fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, wọ́n wọlé. Àwọn òǹwòran ti lọ sílé wọn. Màmá àti Àrínọlá wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń gún iyán mi.

Mo tú ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú sípíríǹgì wọn, mo fi okùn so sípíríǹgì ti ọ̀kan. Mo fi sípánà yí nọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀kan. Mo yí i lẹ́ẹ̀kejì. Irin náà dún gbà, ó ta lọ́wọ́ mi, mo sì fi ìdí jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀. Okùn ti já. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ìtọ̀ jáde lára mi. Èmi, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Mo yáa di nọ́ọ̀tì yẹn padà kó tó tú tán. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń gbọ́ odó lẹ́yìnkùlé.

Nígbà náà ni mo rí agolo ọ̀dà dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Èyí tí wọ́n fi kun géètì ló kù sínú rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé èṣù kan kò tì mí. Mo ro ó dáadáa. Mo ní màá kun ti àtijọ́ yìí, màá dá a padà sáyè rẹ̀, màá wá yá ọkọ̀ náà lọ sí Ìkẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mẹkáníìkì kan á sì fi tuntun sí i ní ìkọ̀kọ̀. Ta ni yóò mọ̀? Ó dà bí ọgbọ́n létí mi.

Mo fi kẹrosíìnì nu ìdọ̀tí ara rẹ̀, mo kun ún, mo sá a sóòrùn. Ó ń dán. Mo gbé méjèèjì padà sára ọkọ̀. Àwọn tuntun méjì wà nínú ọ̀rá wọn, mo ká wọn mọ́ inú aṣọ òjò mi, mo sì tó páálí òfìfo jọ kí wọ́n lè rí wọn.

Bàbá jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀.

"Ó dúdú minijọ! Àwọn àtijọ́ ti iwájú dà?"

"Àwọn tó ń ra irin kọjá, mo kó o fún wọn."

Bàbá wa ọkọ̀ yí àdúgbò po. Torí pé ti ẹ̀yìn jẹ́ tuntun, ó rọ̀ lóòótọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ lé mi lórí.

"Bí o ṣe ṣe é fún wa, ọmọ tìrẹ náà á ṣe é fún ọ."

Mo ṣe àmín. Mo jẹ iyán wọn, mo jẹ ẹran ìgbẹ́. Wọ́n fún mi ní iṣu mẹ́wàá nínú àpò. Nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò mí, mo ki ṣọ́ọ̀kì méjèèjì bọ ìsàlẹ̀ àpò iṣu náà, mo dì í mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, mo gbé e lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Ìkẹ́rẹ́. Nínú iṣu tí wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni mo fi olè mi pamọ́ sí. Tí mo bá rántí rẹ̀, èébì ń gbé mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ní kí Bàbá yá mi lọ́kọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ sí Òmùò. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìpàdé. Ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n pè mí.

"Tíṣà, ọkọ̀ yìí ń dún gbọ̀n níwájú. Tí mo bá tẹ bíréèkì, á fi orí lélẹ̀."

Àyè rèé, ẹ̀yin òǹkàwé. Mo lè sọ ọ́ lórí fóònù yẹn, kí ojú tì mí fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ:

"Bàbá, ṣọ́ọ̀kì tèmi kọ́ ló ń dún. Àwọn nǹkan tí Jẹ́jẹ́ ti fi sábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ayédèrú ló ń fi sí i fún yín láti ọjọ́ yìí."

Bàbá ní, "Ọdún méjìlá?"

"Ẹ ò lè mọ̀, Bàbá. Èmi tí mo wọ abẹ́ rẹ̀ ni mo rí i."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Jẹ́jẹ́. Mo rò pé Bàbá máa rọra bá a sọ̀rọ̀ ni. Níwájú àwọn oníbàárà mẹ́ta ni wọ́n ti na ìka sí i.

"Jẹ́jẹ́, mo kọ́ ọmọ rẹ Favour níwèé láìgba nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Ayédèrú lo wá ń dì sábẹ́ ọkọ̀ mi?"

Jẹ́jẹ́ ń fi èkísà nu ọwọ́. Ó wò wọ́n, ó wò mí.

"Tíṣà Àgbà, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àna mi tó mọ̀wé ẹ̀rọ ni."

"Ẹ jẹ́ kí n wo abẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó."

Mo yára dá sí i. "Bàbá, tí ẹ bá tún jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án, á ba èyí tí mo ṣe jẹ́."

Bàbá wọ ọkọ̀, a lọ. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà náà ti ń gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ padà lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ kí a tó kúrò níbẹ̀. Mo rí i. Inú mi dùn pé n kò tíì tú. Irú ènìyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá àti Màmá ń lọ sí ìkórè ní Emùré. Ọkọ̀ wọ kòtò, iwájú rẹ̀ ta sókè, Bàbá tẹ bíréèkì, kò gbọ́, ó yà sínú gọ́tà. Bàbá fi iwájú orí gbá gíláàsì. Apá ọ̀tún Màmá dá sí méjì, eyín iwájú wọn méjì sì jáde.

Ọsibítù kan ní Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé wọn wá. Nítorí pé yàrá mi kò jìnnà, mo fún Àrínọlá ní kọ́kọ́rọ́ kó lè máa se oúnjẹ fún Màmá níbẹ̀ tí mo bá wà níléèwé.

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń lọ jókòó ti Màmá. Mo ń fi ṣíbí fún wọn ní ẹ̀kọ mu. Ẹ̀kọ náà ń ṣàn jáde ní ibi tí eyín ti yọ, mo ń fi aṣọ nù ún, mo sì ń sọ pé, "Ọlọ́run á dá a fún Jẹ́jẹ́, Màmá. Ó fẹ́ pa yín." Màmá ń mi orí. Mo gbọ́ ohùn ara mi, ohùn náà kò tilẹ̀ gbọ̀n.

Ní ọjọ́ kẹta, Àrínọlá gbé àsáró wá. A jẹ ẹ́ tán, ó bá mi jáde sí ẹnu ọ̀nà.

"Tóbi, ṣé kò sí nǹkan tí o fẹ́ sọ fún mi?"

"Bíi kí ni?"

"Ohunkóhun."

"Kò sí o. Ó rẹ̀ mí ni."

Ó tún bi mí lọ́jọ́ kẹrin. Ó tún bi mí lọ́jọ́ tí wọ́n dá Màmá sílẹ̀. Mo ní ìdààmú ló ń bá a.

Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá ní kí n wá sí Ìsẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ni. Nígbà tí mo débẹ̀, mo bá ọkọ̀ náà níwájú ilé, wọ́n ti wọ́ ọ wá. Bàbá àti Màmá jókòó. Àrínọlá dúró lẹ́yìn wọn. Jẹ́jẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ti yọ táyà iwájú.

"Jókòó, Tíṣà," Bàbá wí. "Jẹ́jẹ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí a tú u lójú gbogbo wa."

Jẹ́jẹ́ rẹ èkísà sínú pẹtiróòlù, ó fi nu ṣọ́ọ̀kì náà lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀dà bọ́ sára èkísà. Ó tún nù ún. Ìpẹta jáde, ọ́ìlì àtijọ́ tó ti gan mọ́ ọn jáde.

"Tíṣà Àgbà, ohunkóhun tí mo bá fi sára ọkọ̀, mo máa ń fi urin ṣóńṣó kọ lẹ́tà mi àti ọdún sí i lára, kí ẹnikẹ́ni má baà pe tirẹ̀ ní tèmi." Ó kọjú sí mi. "Tíṣà, ojú tìrẹ dá ju tèmi lọ. Bá wa kà á."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Mo kà á sẹ́nu.

"Kà á sókè," Bàbá wí. "Ṣé bí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ṣe ń kàwé nìyẹn?"

"J," mo ní. "2016."

Bàbá ní, "Àwọn tuntun tí Dayọ̀ fi ránṣẹ́ dà?"

Àrínọlá ló dáhùn.

"Wọ́n wà nínú àpò uṣu, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ àpò kí n mú uṣu tí màá fi se àsáró fún Màmá, mo kan urin." Ó kọjú sí mi, kò pariwo. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi ọ́. Mo ní tí o bá fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, màá bá ọ bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí o kọ̀, èmi ni mo lọ bá Jẹ́jẹ́."

Màmá wo apá wọn tó wà nínú sìmẹ́ńtì. Wọ́n dìde. Obìnrin tí kò bú mi rí, wọ́n tutọ́ sílẹ̀ níwájú mi, wọ́n wọlé lọ. Itọ́ yẹn ni ìdájọ́ mi, ó sì tọ́ sí mi.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, mo ń sunkún. Wọ́n nawọ́ sí Jẹ́jẹ́.

"Urọ́ ni mo fi jẹ Jẹ́jẹ́ níyà ní gbangba. Èmi náà ní láti bẹ̀ ẹ́." Wọ́n kọjú sí ọmọ wọn. "Àrínọlá, ọmọ ènìyàn ni í ṣe. Tó bá jẹ́ tèmi, mo ti dárí jì í."

"Bàbá, èmi náà ti dárí jì í. N kò kàn ní fẹ́ ẹ mọ́ ni." Ó bọ́ òrùka tí mo fi sí i lọ́wọ́, ó fi lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Torí kí ojú má baà tì í díẹ̀, ó jẹ́ kí màmá mi máa gun ohun tó lè pa wọ́n. Lọ́jọ́ tí ìtìjú ńlá bá dé, kí ló máa fi èmi ṣe?"

Mo gun ọ̀kadà mi padà sí Ìkẹ́rẹ́.

Ní Mọ́ńdè, mo gbé ṣọ́ọ̀kì méjèèjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù Jẹ́jẹ́, bí Bàbá ṣe pàṣẹ; wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ náà débẹ̀. Mo rò pé á gbá mi létí. Ó na ọwọ́, ó gbà á, ó ní kí n dúró.

Ó mú irin kan jáde, ọ̀pá méjì tó ní ìkọ́ lẹ́nu. Ó fi há sípíríǹgì lọ́tùn-ún lósì, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, sípíríǹgì náà sì ń fún pọ̀ láìṣe agídí. Ó tú nọ́ọ̀tì tó mú mi tọ̀ sára. Kò dún rárá.

Mo kúnlẹ̀ sínú ọ́ìlì, mo bẹ̀ ẹ́. Kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Sátidé yẹn, mo wà ní ulé," ó ní. "Tí o bá pè mí sẹ́yìn ulé Tíṣà Àgbà, ǹ bá gbé urin yìí wá fún ọ. Ǹ bá fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn ọ́, ǹ bá sì bá ẹ̀yìnkùlé lọ. Ta ni á mọ̀? Nígbà tí èmi lọ ṣe uṣẹ́ àna, n kò mọ ebè é kọ. Àbúrò bàbá ùyàwó mi ló rí mi lóko, ó kọ́ mi, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú."

Ó fi ti kejì sí i, ó dá táyà padà, ó sọ jáàkì sílẹ̀. Mo wo aago mi. Gbogbo rẹ̀ kò tíì pé wákàtí méjì.